Adìyẹ Tí Mo Sìn De Ìyàwó Pheng

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kejì

Òjò dé lónìí, òjò gidi, kì í ṣe èyí tó ti ń fi wá ṣẹlẹ́yà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A ti gbin kábéèjì tán ní ẹ̀gbẹ́ òkè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ajílẹ̀ ti gbówó lórí, àwọn tó ń tà á ò sì tijú.

Ohun tí mo fẹ́ kọ kì í ṣe ti kábéèjì. Ìyá Zoua tó ni ṣọ́ọ̀bù ló là mí lójú láàárọ̀ yìí. Ó fà mí sẹ́yìn àpò ìrẹsì, ó ní, "Ìyá Pheng, ìyàwó yín ò ra páàdì lọ́wọ́ mi mọ́ o. Ó ti pẹ́." Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iyọ̀ tí mo wá rà. Mo délé, mo fara balẹ̀ wo ìyàwó náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ìdí rẹ̀ ti gbòòrò sí i, orí a máa fọ́ ọ, ó sì ń sùn lọ́sàn-án. Ọmọ méje ni mo bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pheng nìkan ni ikú fi sílẹ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi bí aboyún ṣe ń rí.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ti bí fún wa. Mi ò sọ pé wọn ò dáa. Nou, àkọ́bí, gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin á re ilé ọkọ, àwọn òkú ilé ọkọ ni yóò sì máa gbé oúnjẹ fún. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, Pheng ni yóò máa pè mí wá jẹun lọ́dún tuntun. Tí Pheng náà bá kú ńkọ́? Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Lónìí inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àbúlé àwọn Karen, ẹ̀yà mìíràn sí àwa Hmong, ní ìsàlẹ̀ odò, mo ra òròmọdìyẹ, dúdú ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá dàgbà, wọn á tó ìyàwó Pheng jẹ fún odindi oṣù tí yóò fi jókòó sídìí iná lẹ́yìn ìbímọ. Obìnrin tó tà wọ́n fún mi ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ dá ọjà adìyẹ sílẹ̀ ni?" Mo ní kó ka owó rẹ̀ kó fi mí sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ ilé wa. Mo sọ fún àwọn òkú pé bó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹlẹ́dẹ̀ tó sanra jù lọ nínú ọgbà jẹ́ tiwọn. Mi ò fi ṣeré.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Ológbò Nhia Pao, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ mi, jẹ òròmọdìyẹ kan. Mo ti kìlọ̀ fún ológbò, mo ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gba agbọ̀n kábéèjì kúrò lẹ́yìn Hser Wah lónìí, mo gbé e fúnra mi. Ìyàwó Pheng nìyẹn, ọmọ Karen ni. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Máa lọ sílé, lọ jókòó."

"Ṣé mi ò gé e dáadáa ni?"

"Mo ní kó o lọ jókòó. Ta ló ń sọ̀rọ̀ kábéèjì?"

Ó lọ. Àwọn ọmọ Karen a máa tijú púpọ̀, wọn kì í yára sọ pé àwọn lóyún. Mo fi í sílẹ̀ kó máa tijú rẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kejìlélógún

N kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Pheng lọ ta jínjà nílùú, ó sùn síbẹ̀, ó sì dé lónìí. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ńṣe ló ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gun ẹ̀gún. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, àpò jínjà wúwo. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dàgbà, mo sè é pẹ̀lú ewé tí a fi ń se adìyẹ fún abiyamọ, nítorí ewé yẹn náà dáa fún ẹ̀yìn. Mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, adìyẹ ta nìyí?"

"Ti ìyàwó rẹ ni. Ọ̀kan ò lè dín oṣù rẹ̀ kù."

"Oṣù wo?"

"Oṣù tí yóò fi jókòó. Àbí ojú rẹ fọ́ ni? Ìyàwó lóyún, ọkọ ni ẹ̀yìn ń dùn." Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Hser Wah gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìyá, mi ò lóyún."

"Ojú ló ń tì ọ́."

"Ojú kọ́. Mi ò lóyún. Abẹ́rẹ́ ni mò ń gbà."

"Abẹ́rẹ́ kí ni? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí, Ìyá. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Láti ìgbà tí mo ti bí èyí tó kéré jù. Òun ló dá nǹkan oṣù mi dúró, òun ló mú mi sanra, òun ló ń fọ́ mi lórí."

Mo yíjú sí Pheng. Inú abọ́ ló ń wò. Mo ní, "Ìwọ mọ̀?" Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá."

Mo gba abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e jáde, mo dà á fún ajá. Ajá jẹ ẹ́ tán, ó ń lá ẹnu, ó tún ń wò mí bóyá n ó tún gbé òmíràn wá.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọdún méjì. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bẹ àwọn òkú ilé yìí kí wọ́n rán ọmọ wá, tí àwọn wọ̀nyí ń fi abẹ́rẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ojú wo ni n ó fi wo ojúbọ? Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé, àfi àwọn ọmọ.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo wọ bàtà òjò, mo lọ bá nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ Thai kékeré kan ni, kò tíì ju Hser Wah lọ.

"Ṣé ìwọ lò ń gún ìyàwó mi lábẹ́rẹ́?"

"Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó kí n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ìwọ lo mú un ru. Mo ní ṣé ìwọ ni?"

"Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kan fún ẹlòmíràn, Ìyá."

"Ẹlòmíràn? Èmi ni ẹlòmíràn? Inú ilé mi ló ń sùn."

Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń fi nǹkan ìwọn-ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ há mi lápá. Ó ní ó ga. Ó fún mi lóògùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù kò tíì dé. Mo yíjú sí orí àga tí àwọn obìnrin jókòó sí, tí wọ́n ń dúró de abẹ́rẹ́. Mo rò pé Karen ni gbogbo wọn máa jẹ́. Irọ́. Hmong kún ibẹ̀. Ọ̀kan ti fi ìborùn bojú, ṣùgbọ́n mo mọ bàtà rẹ̀. Ìyàwó ọmọ Ìyá Zoua ni. Ìyá Zoua tó ń ṣọ́ páàdì ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin náà yọ ojú díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Pheng, ẹ má sọ fún wọn nílé." Mo ní mi ò rí i.

Bí mo ṣe ń gòkè bọ̀ nínú òjò, inú ń bí mi, omijé ń bọ́. Mo yà sọ́dọ̀ Nhia Pao, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n máa lọ sílé, kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé òun lọ́wọ́.

Oṣù Kẹfà, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Hser Wah wá bá mi nídìí ààrò. Ó ki igi bọ iná, kò sì lọ.

Ó ní, "Ìyá, ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọmọ yìí."

"Èmi ni mo dúró ti Nou àti ìkejì rẹ̀. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀ ni?"

"Mi ò fi bú yín. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ abẹ́ mi títí aṣọ fi tán lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n fà sí mi lára. Dókítà ní tí mo bá tún bí òmíràn, ẹ̀jẹ̀ lè má dá mọ́. Pheng dúró síbẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀."

"Wọ́n sọ fún mi pé ó kàn rẹ̀ ọ́ ni."

"Èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ̀jẹ̀ àwa Karen ò lágbára."

Òótọ́ ni. Ohun tí mo máa sọ gan-an nìyẹn. Ìyẹn ló bí mi nínú ju ohun gbogbo lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí igi fi jó tán, mo sì ń rí aṣọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ tí n kò fojú rí.

Oṣù Keje, ọjọ́ kẹta

Nhia Pao wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ àkùkọ tí wọ́n sè, èyí tí àwọn àgbà wa fi ń wo ohun tó ń bọ̀, ó gbé e sọ́wọ́ bí ẹni gbé wúrà. "Ìyàwó," ó ní, "wo bí àwọn ìka yìí ṣe tẹ̀ síwájú. Ó ti tán. Ẹsẹ̀ adìyẹ gbà á."

"Ó gba kí ni?"

"Ìyàwó kejì fún Pheng. Opó kan wà nídìí òkè kejì, ọmọ ìdílé Moua. Ọkùnrin méjì ló bí fún ọkọ rẹ̀ kí ọkọ tó kú. Ẹ̀rí wà nílẹ̀, kì í ṣe ti ká máa dán an wò."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Bàbá."

"Rò kí ni? Ìwọ lo wá bá mi nínú òjò, tí ikun ń jáde nímú rẹ. Mo ti ránṣẹ́ sí bàbá obìnrin náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá kórè kábéèjì àkọ́kọ́, àwọn àgbà ìdílé á jókòó nílé rẹ. Ọmọ Karen yẹn á san owó ìtanràn nítorí ó tan ilé jẹ."

Ó jẹ ẹsẹ̀ adìyẹ náà bó ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹnu ara mi tú jáde ti di ẹrù tí mi ò lè sọ̀ mọ́.

Oṣù Keje, ọjọ́ kẹjọ

Owó kábéèjì ti já sí báàtì mẹ́ta péré fún kílò kan. Mo bi oníbàárà léèrè bóyá ó ń bá mi ṣeré ni. Kò bá mi ṣeré.

Oṣù Keje, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyá Hser Wah gòkè wá lónìí, ó ru ìrẹsì, ó sì gbé ata gígún àti ẹja gbígbẹ dání. Gbogbo ara rẹ̀ rin gbingbin. Láti ìgbà ìgbéyàwó, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti wá rí. Mo gbé àga fún un sídìí iná, mo fún un ní omi gbígbóná.

Obìnrin náà kì í pariwo. Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó lanu.

"Ìyá Pheng, mo gbọ́ pé àwọn àgbà yín fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ dá a padà fún mi."

"Ìyàwó ilé wa ni. Báwo la ṣe máa dá a padà?"

"Tí ó bá ti di ẹlẹ́bi, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ nílé. Òun ni àbíkẹ́yìn mi, òun ló ni ilé mi. Àyè wà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àyè wà fún ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú."

Mo rò pé etí mi ló ń dún. "Ọkọ ta?"

"Ọkọ rẹ̀. Pheng. Mo ti bá a sọ ọ́."

"Kí ọmọkùnrin mi, ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ní, lọ máa gbé ilé ìyàwó? Kí wọ́n máa rán an lọ pọnmi?"

"Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin ló ń wá. Bàbá Hser Wah gbé ilé mi títí ó fi kú. Ó rán mi lọ pọnmi, èmi náà rán an lọ ṣẹ́gi. Kò gbẹ."

"Ọmọ mélòó lẹ bí fún un?"

"Méjì."

"Méjì péré? Kò sì sọ nǹkan kan?"

"Ó ní ilẹ̀ wa kéré. Ó ní tí a bá bí mẹ́fà, kálukú á máa fi ìka kan gbin ìrẹsì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà gba abẹ́rẹ́, Ìyá Pheng. Ẹ má bínú. Èmi ni mo sọ fún Hser Wah pé ó wà."

Mo wá mọ ibi tí ìṣòro mi ti wá, ó jókòó síwájú mi ó ń mu omi mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo ń rò. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ó ti bá Pheng sọ ọ́, Pheng ò sì sọ fún mi pé òun kọ̀. Mo wá ọmọkùnrin kún ọmọkùnrin, èyí tí mo ní ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní kó sùn lọ́dọ̀ wa títí ọjọ́ ìpàdé. Kí ni kí n ṣe? Òjò ń rọ̀.

Oṣù Keje, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kí n lè gbà pé mo gbọ́ ọ.

Èmi àti Pheng nìkan la wà lóko, à ń gé kábéèjì. Mo ní, "Ṣé o máa tẹ̀lé ìyá ìyàwó rẹ lọ?"

Ó ní, "Tí wọ́n bá lé Hser Wah, Ìyá, mi ò ní dúró."

"Wọn ò ní lé e tó bá gbà kí opó yẹn wọlé. Wọn á jọ máa gbé. Nhia Pao bàbá rẹ àgbà gan-an fẹ́ ìyàwó mẹ́ta."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ ọlọ́mọ wá. Kò lè bímọ fún mi."

"Ọkùnrin méjì ló ti bí."

"Kì í ṣe òun. Èmi ni." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọjọ́ tí mo lọ ta jínjà, mo lọ sílé ìwòsàn. Orí fífọ́ yẹn ń pa Hser Wah, nọ́ọ̀sì ní kó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè la inú rẹ̀ kó má bí mọ́, tàbí kí wọ́n ṣe tèmi. Tèmi ò pẹ́. Wọ́n ti gé ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lára mi. Ẹ̀yìn kọ́ ló ń dùn mí lọ́jọ́ tí ẹ se adìyẹ."

Mo jókòó sáàárín ebè. Orí kábéèjì kan ni mo jókòó lé, n kò tilẹ̀ mọ̀ títí ó fi fọ́.

Mo ní, "Wọ́n gé ọ? Ìwọ tí mo bí ní pípé? Báwo lo ṣe máa padà wá sáyé, pẹ̀lú ara tó lábùkù?"

"Mo máa wá bí mo ṣe lè wá."

"Okun ọkùnrin rẹ ńkọ́? Ta ló máa gbé àpò?"

"Ta ló gbé agbọ̀n yìí dé ibí láàárọ̀?"

Òun ni lóòótọ́. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tó ti fọ́ lára ìkòkò. Pheng náà ni. Ó ní, "Mo rí ẹ̀jẹ̀ yẹn, Ìyá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀yin gan-an lẹ máa lé mi lọ síbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń gé kábéèjì lọ. Mo sunkún títí ó fi gé ebè náà tán. Kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́, èmi náà ò sì fẹ́ dákẹ́.

Oṣù Keje, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mi ò lè jẹun. Kò ní sí ọmọkùnrin. Kì í ṣe pé ó pẹ́, kì í ṣe pé àwọn òkú ń bínú. Kò ní sí.

Oṣù Keje, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n wá. Àwọn àgbà ìdílé Yang, ìdílé ọkọ mi, kún ilé mi, wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Nhia Pao wà láàárín. Hser Wah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé àbíkẹ́yìn sẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èmi wà nídìí ààrò níbi tí àwọn obìnrin máa ń wà, mò ń ro ìrẹsì tó ti jinná tipẹ́.

Nhia Pao sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Kókó rẹ̀ ni pé ìyàwó yìí tan ilé jẹ ní ọdún méjì, kó san owó ìtanràn. Opó ń bọ̀ kí oṣù tó tán. Tí ọmọ Karen bá gbà, kó jókòó. Tí kò bá gbà, kó tẹ̀lé ìyá rẹ̀, kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀, nítorí ọmọ ìdílé Yang ni wọ́n.

Hser Wah di ọmọ náà mú, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Pheng dìde. Mo rí ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́ síwájú wọn, òbúkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ni wọ́n máa pè é títí ayé. Àwọn ọmọ Nhia Pao á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún tuntun, níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Á kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, mi ò sì ní rí i mọ́.

Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Mo ní, "Pheng, jókòó. Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Nhia Pao ní, "Ìyàwó, a ò tíì kàn ọ́."

"Ẹ ti kàn mí. Ilé mi lẹ jókòó sí. Èmi ni mo ní kó lọ gba abẹ́rẹ́."

Hser Wah gbójú sókè, ó ń wò mí bí ẹni rí òkú tó jíǹde.

"Ìwọ?" Nhia Pao ní. "Ìwọ tó wá bá mi nínú òjò?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló ru lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì wà tó lè jẹ́rìí. Ìyàwó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kó má bí mọ́. Ìyá ọkọ ló ní kó má bí, ó gbọ́ràn sí ìyá ọkọ lẹ́nu. Ìtanràn wo ló wà nínú ìgbọràn? Tó bá wà, èmi ni kí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

"Opó ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá pè é kó fẹ́ ẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára yí i sí ikọ́. Ojú Nhia Pao pọ́n. Ó tẹjú mọ́ mi, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ló burú jù, nítorí mo rí i pé ó ń bẹ̀rù fún mi lóòótọ́.

"Ìyàwó. Gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Pheng á pè ọ́, ó dáa. Lẹ́yìn Pheng ńkọ́? Ta ni yóò pè ọ́ wá jẹun?"

Mo ní, "Ebi á pa mí nígbà náà."

N kò mọ̀ pé ẹnu mi á sọ ọ́. Ó jáde, ó sì dúró sáàárín ilé, gbogbo wa ń wò ó.

Wọn ò jẹ oúnjẹ mi. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nhia Pao ní òun ò ní tẹ ilé yìí lọ́dún tuntun, ó sì jọ pé kò parọ́. Pheng ò dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Hser Wah lọ gbé ṣíbí tí mo jù sílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìrẹsì fún gbogbo wa. Tèmi ló kọ́kọ́ bù.

Oṣù Keje, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò dá. Ìyá Hser Wah di agbọ̀n rẹ̀, mo sìn ín dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó ní Pheng àti Hser Wah ti sọ fún òun pé àwọn ò bá òun lọ. Ó sọ ọ́ láìbínú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ilé òun náà á ṣófo. Mo sọ fún un pé gbogbo wọn á wá bá a kórè ìrẹsì. Mo ní èmi náà á wá, tí ẹnikẹ́ni bá pè mí.

Ó dúró, ó gbé agbọ̀n sílẹ̀. "Ìyá Pheng, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lánàá ò jẹ́ kí n gbádùn. Èyí tí ẹ ní ebi á pa yín."

"Ó ti jáde lẹ́nu mi."

"Kí ló dé tí ebi á fi pa yín? Ọmọbìnrin mẹ́ta ni Pheng bí."

"Ọmọbìnrin kì í pe òkú. Ọkùnrin ló ń pè é."

Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn sọ pé odò ń ṣàn gòkè. "Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin ni. Obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ló ń bọ́ wọn. Ọkùnrin kàn máa ń bá wa jókòó ni."

Mo ní, "Irọ́."

"Kí ni mo fẹ́ fi irọ́ jẹ? Èmi ni mò ń bọ́ ìyá mi. Tí mo bá kú, Hser Wah ni."

Ogójì ọdún ni mo fi gbé òkè yìí. Láti ẹ̀yìn ilé mi, mò ń rí èéfín ilé wọn láàárọ̀ láàárọ̀. N kò mọ̀.

Mo ní, "Wọ́n sì máa ń gbọ́? Àwọn òkú yín?"

"Wọ́n máa ń wá."

"Tó bá jẹ́ ìrẹsì àná ló gbé kalẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á jẹ ẹ́. Ṣé ẹ rò pé òkú ń ṣàṣàyàn ni?"

Tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, mo mọ̀. Nhia Pao á ní ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn ni. Ó ṣeé ṣe kí àwọn òkú wa dijú kí wọ́n má dá ọmọbìnrin lóhùn. Ṣùgbọ́n mo fa obìnrin náà lọ́wọ́, mo mú un jókòó sórí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, mo ní kó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ tí wọ́n bá fẹ́ pe àwọn òkú.